Iwájú Ilé Kan Lábẹ́ Omi

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa,
Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.

Ìrètíolúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ bí ìyá ti ń kí ọmọ tí ojú rẹ̀ ti jìnnà sí i. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé etí tó máa ń dùn ọ́ tí o bá ti inú omi jáde ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ọlọ́run tó mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la òkun kọjá tí aṣọ wọn kò tutù, òun ni yóò máa mú ọ wọlé, tí yóò máa mú ọ jáde, àṣìṣe kò ní bá ọ níbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ kò ní bínú sí ọ láìnídìí.

Bí o bá bèèrè àwa ará ilé, a wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣì máa ń ro mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n mo ń lọ sí ìsọ̀ mi l'Ọ́jà'ba lójoojúmọ́, mo ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì mi, àwọn aránṣọ ṣì ń rà á. Wọ́n ti tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, wòlíì ní kí n kí ọ. Adìẹ funfun tí o mọ̀ nì ti kú, kì í ṣe àrùn ló pa á, mọ́tò máíkírà ló gbá a ní títì Bẹẹrẹ, títí di òní mi ò mọ ohun tí adìẹ ń wá lọ sí Bẹẹrẹ.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì fi rán ẹ̀gbọ́n Kúbúrá tó ń bọ̀ l'Ékòó. Kúbúrá ni aránṣọ tó gba yàrá iwájú lẹ́yìn tí o lọ, mùsùlùmí ni, ọmọlúwàbí ni, òun ló ń bá mi wo fóònù mi tí ojú mi kò bá ríran. Ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ sínú fóònù, ojú ọ̀run ló ń kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ló ti ń padà sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kọ́kọ́ dé òkè. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sórí pépà.

Àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé. O ní láti ọdún tó kọjá tí o ti ń wọ inú omi, èyí tí o fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí o yà ni o ṣà fún mi. Mo dúpẹ́. Nígbà tí Kúbúrá ṣí wọn, mo kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ fóònù, nítorí omi tí mo rí nínú rẹ̀ pọ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n mi ò ká aṣọ ìnura náà kúrò. Ó ní àwọn fọ́tò yẹn ti jẹ gbogbo dátà mi tán. Mi ò jiyàn, mo rí bí ẹnu ẹja kan níbẹ̀ ti fẹ̀ tó.

Mo rí ìjàpá òkun, tó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ìjòyè tó ń lọ sí ìpàdé. Mo rí ọkọ̀ ńlá tó rì sí òkun ìlú àwọn tó ń sọ Potogí, tí ẹja wẹ́wẹ́ ń gba wíńdò kan wọlé tí wọ́n ń gba òmíràn jáde, bí èrò tó wọ mọ́tò tí kò ní dírẹ́bà. Mo rí ìwọ náà, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ yà ọ́, tí o pọn sílíńdà gáàsì sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Ta ni ò ń se oúnjẹ fún níbẹ̀? Bí ilé iṣẹ́ yín kò bá fún yín ní oúnjẹ ọ̀sán, ẹ sọ fún ọ̀gá yín, gáàsì kì í ṣe ohun tí à ń gbé káàkiri. O tún ní kí n tẹ ọkàn pupa inú fóònù nì sí èyí tí mo bá fẹ́ràn jù. Mo gbàdúrà kí n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí ọkàn mi, Ọlọ́run ni mo ti fi í fún. Ìjàpá ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, kí inú má baà bí ọ.

Àwọn méjì tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Àwọn tí o yà nínú odò tí ìjọba sé ní ọ̀nà oko, tí ilé iṣẹ́ yín rán ọ lọ yẹ ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ wò. Omi ibẹ̀ pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé abúlé kan ló wà níbẹ̀ kí omi tó bò ó, Aba Àjàgbé, àti pé o fẹ́ràn àwọn fọ́tò yìí ju gbogbo ìyókù lọ nítorí ibẹ̀ dákẹ́. Mo rí ilé kan. Òrùlé ti lọ, ṣùgbọ́n ògiri dúró, ilẹ̀kùn pákó náà dúró. Nínú fọ́tò kan ilẹ̀kùn wà ní títì. Nínú èkejì ó ṣí sílẹ̀, inú ilé sì dúdú.

Èmi kò ro nǹkan kan sí i. Mo ń fi wọ́n han gbogbo ẹni tó bá kọjá, mo ń sọ fún wọn pé ọmọ mi ló yà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi wọ́n han Bàbá Oyèdélé, bíríkìlà àgbà inú ìjọ wa tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ Mápó, tó máa ń wá jókòó sí iwájú ilé wa mu tíì. Wọ́n wo ìjàpá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ọkọ̀ tó rì. Nígbà tí wọ́n dé orí ilé yẹn, wọ́n ní kí n ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún àwọn. Mo ní Aba Àjàgbé. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú. Kúbúrá bi wọ́n bóyá kí òun bu omi wá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ omi.

Bàbá ní Aba Àjàgbé ni wọ́n bí àwọn sí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ sé odò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Yemẹtù. Ilé tí mo ń wò yẹn, àwọn ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri rẹ̀ fún ìyá wọn, àwọn ni wọ́n gbé férémù ilẹ̀kùn sí i, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ṣe láyé wọn nìyẹn. Bàbá wọn ti kú nígbà náà, ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí ó di ọjọ́ tí gbogbo ará aba gbọ́dọ̀ kó lọ sí ibi tí ìjọba fún wọn, Bàbá gba lọ́rì lọ kó ìyá wọn. Wọ́n kó ẹrù tán, Bàbá fúnra wọn ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ìyá wọn wá ní kí wọ́n dúró de òun díẹ̀, òun fẹ́ lọ dágbére fún ọkọ òun ní ẹ̀yìnkùlé. Ó yí igun ilé kọjá, kò sì yí i padà mọ́.

Wọ́n pè é títí. Wọ́n wá a yí aba ká, wọ́n wọ inú oko. Dírẹ́bà ń bínú. Ẹnì kan wá ní òun rí i tó wọ lọ́rì àwọn ará ìsàlẹ̀ aba, kí wọ́n máa lọ, wọ́n á bá a níwájú. Wọ́n dé iwájú, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi padà sẹ́yìn, omi ti gba ojú ọ̀nà.

Bàbá ní láti ìgbà náà, ohun kan ló ń jẹ́ kí àwọn rí oorun sùn. Ibi yòówù kí ìyá àwọn wà, kò sí nínú ilé yẹn, nítorí ilé wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n fa okùn kan yọ láti abẹ́ aṣọ wọn, kọ́kọ́rọ́ náà wà ní ìdí rẹ̀, ó ti ń fi ara ra àyà wọn títí tó fi ń dán bí òrùka ìgbéyàwó. Èmi tí mo ti mọ̀ wọ́n láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi, mi ò mọ̀ pé ohun kan wà lọ́rùn wọn rí.

Wọ́n ní kí n bi ọ́ léèrè, èwo ni o kọ́kọ́ yà. O rántí pé mo pè ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí o rò pé mo kàn ń tọ pinpin ni. O ní ilẹ̀kùn wà ní títì nígbà tí o dé ibẹ̀. O ní o kọ̀yìn sí i díẹ̀ láti ya odó kan tó dúró nítòsí, nígbà tí o sì yíjú padà, ó ti ṣí. Mo bi ọ́ bóyá o fọwọ́ kàn án, o ní rárá. O ní omi ló tì í. Mo bi ọ́ bóyá àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ wá bá yín, o rẹ́rìn-ín, o ní kò sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ ibẹ̀. Mo sọ fún Bàbá bí o ti wí. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kúbúrá ní kí wọ́n má jẹ́ kí ó dà wọ́n láàmú, pé irin tó bá ti pẹ́ nínú omi, dandan ni kó dípẹtà, irin ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ lára ilẹ̀kùn ti jẹrà nìyẹn. Bàbá ní òtítọ́ ni. Wọ́n dìde lọ sílé, wọn kò mu tíì wọn.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n padà wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ́tò méjèèjì lórí pépà, kó tóbi. A jọ lọ sí Bẹẹrẹ, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tẹ fọ́tò létí ibi tí mọ́tò ti ń yípo. Ó ní kí n ju fọ́tò náà sí òun láti inú fóònù mi, kí n fi bulutúùtù jù ú. Mo ní èmi kì í ju fọ́tò, pàápàá èyí tí omi wà nínú rẹ̀. Ó gba fóònù, ó ṣe é fúnra rẹ̀. Nígbà tí pépà náà jáde, mo fọwọ́ kàn án, kò tutù. Ó tiẹ̀ gbóná.

Bàbá wọ awò ojú wọn. Nínú gbogbo ariwo Bẹẹrẹ yẹn, tí àwọn onímọ́tò ń pe èrò, wọ́n dúró bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n sì fi ìka lé iwájú ilé inú fọ́tò tí ilẹ̀kùn ti ṣí. Wọ́n ní kí n wo ilẹ̀. Gbogbo ibi yòókù, ẹrọ̀fọ̀ ló bò ó, òkúta, kùkùté igi, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi tí iná ọwọ́ rẹ tàn dé, ilẹ̀ mọ́, ìlà wẹ́wẹ́ sì wà lórí rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí ìlà tí ìgbálẹ̀ máa ń fà sílẹ̀ láàárọ̀. Ọkùnrin tó tẹ fọ́tò náà bẹjú wò ó, ó ní omi tó ń lọ tó ń bọ̀ ló máa ń ṣe ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ti rí i létí òkun rí. Bàbá kò bá a jiyàn. Wọ́n kàn sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọwọ́ òsì ni ìyá àwọn fi ń gbálẹ̀, pé àwọn ará aba máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí bí ìlà àwọn obìnrin yòókù bá tẹ̀ sí ọ̀tún, tirẹ̀ á tẹ̀ sí òsì.

Ìrètí, èmi náà ti ń gbálẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí mo délé, mo mú ìgbálẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì gbá iwájú ilé wa, mo sì gbé fọ́tò náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí fún ọ, àfi pé kíákíá ni mo fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́. Kúbúrá ló wá mú fọ́tò kejì, èyí tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì, ó wò ó títí, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹrọ̀fọ̀ ló wà níwájú ilé nínú ìyẹn. Kò sí ìlà kankan. Ìgbà tí o kọ̀yìn sí i láti ya odó nìkan ló wà láàárín méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà Kúbúrá kì í bá mi ṣí fọ́tò mọ́. Bàbá wá gba fọ́tò tí ilẹ̀kùn ti ṣí lọ́wọ́ mi, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wọn. Wọn kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò wá mu tíì. Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn, mo bá wọn lórí àga níwájú ògiri, wọ́n ń kí ìyá wọn ẹ kú iṣẹ́, bí a ti ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀. Wòlíì gbàdúrà fún wọn, wọ́n ṣe àmín, wọ́n tún yíjú padà sí ògiri. Mo rí i pé bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní dìde lórí àga yẹn mọ́. Èmi ni mo ní kí á lọ.

A wọ máíkírà lọ sí ibi tí wọ́n sé odò náà sí, Bàbá àti èmi àti Kúbúrá, tó ní òun kò ní wò, òun kàn máa tẹ̀lé wa. Màígádì tó wà lẹ́nu géètì ní ẹni tí kò bá gba ìwé láti ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi kò lè dé etí omi. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ti wọ inú rẹ̀ pátápátá, ìyẹn sì ju ìwé lọ. Ó wo ọjọ́ orí Bàbá, ó ṣí géètì fún wa. Omi náà fẹ̀ ju bí mo ti rò lọ, ó dákẹ́ bí epo, ẹyẹ kan kò sí lórí rẹ̀. Bàbá bọ́ bàtà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú sùtánà funfun wọn, wọ́n pe ìyá wọn ní oríkì rẹ̀. Wọ́n ní lọ́rì dúró, pé àwọn dúró, pé àwọn pè é títí ohùn àwọn fi há. Wọ́n ka orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn fún un. Wọ́n bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ sínú omi, màígádì di ọwọ́ wọn mú, ó ní ará ìlú ń mu omi yìí, wọn kì í sọ irin sí i. Mo ní ó tọ̀nà. Bàbá bá na kọ́kọ́rọ́ náà sókè kí omi lè rí i, wọ́n ní òun nìyí, àwọn kò sọ ọ́ nù.

Ibẹ̀ ni omi ti hó. Kò sún mọ́ wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa rí i. Ó hó sókè, ó dúró. Ó tún hó, ó dúró. Ó tún hó. Màígádì ní ẹja ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ fún mi, nígbà tí mo bi ọ́ nípa àwọn ohun róbótó tó ń gòkè lórí rẹ nínú fọ́tò, pé èémí rẹ ni, pé ibi tí omi bá ti ń hó bẹ́ẹ̀ tó ń dúró, èèyàn ló ń mí nísàlẹ̀. Mo bi màígádì bóyá òṣìṣẹ́ kankan wà nínú omi lọ́jọ́ náà. Ó ní kò sí. Ó wo omi náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ní kí á jọ̀ọ́ máa lọ.

Bàbá bá wa padà dé Bẹ́yẹrúnkà. Wọ́n jókòó sí iwájú ilé wa, wọ́n jẹun dáadáa, wọ́n bèèrè fún tíì. Wọ́n ní àwọn ti ń wá ìyá àwọn láti ìgbà èwe, àwọn kò mọ̀ pé ó délé ni. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n jó. Ọkàn wọn balẹ̀. Èmi ni tèmi kò balẹ̀, nítorí o ti sọ fún mi pé wọn yóò tún rán ọ lọ síbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ náà ló wà nínú aṣọ funfun tí mo dì mọ́ lẹ́tà yìí. Bàbá ní kí n bẹ̀ ọ́, kí o bá àwọn gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ ní rárá, ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn, mi ò lè sọ rárá ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí àyà rẹ bá já, fi ránṣẹ́ padà, kò sí ẹni tí yóò bínú. Bí o bá gbà láti ṣe é, má dá nìkan lọ. Má fi bàtà pẹ́pẹ́yẹ rẹ yẹn tẹ ibi tó gbá. Mo mọ̀ pé rọ́bà wà lẹ́nu rẹ, o kò lè kí i, kúnlẹ̀ nìkan, yóò yé e. Bí o bá ti gbé e sílẹ̀, máa fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀, má kọ̀yìn sí ilé náà mọ́.

Bí owó oṣù rẹ bá wọlé, rántí mi, dátà mi ti tán, mo sì fẹ́ ra awò ojú. Fi í rán èèyàn, má fi sí báńkì. Wọ́n ní kí n lọ máa gbowó lọ́wọ́ ẹ̀rọ kan tó wà lára ògiri, mo kí i dáadáa, ṣe ló gbé káàdì mi mì.

Olúwa yóò pa àlọ àti àbọ̀ rẹ mọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò bá ti tólẹ̀, ọwọ́ Rẹ̀ yóò gbé ọ dúró. Èémí rẹ kò ní tán sí ibi tí a kò ti lè bá ọ. Wàá sin mí, èmi kò ní sin ọ́, wàá fi ọmọ tìrẹ lé mi lẹ́yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, jọ̀ọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ tí o bá wọ ibẹ̀, mi ò ní lọ sí ọjà, mi ò ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orí àga níwájú ilé ni n ó wà títí o ó fi pè mí pé o ti jáde. Nítorí náà, bí o bá gbọ́ nísàlẹ̀ ibẹ̀ tí ẹnì kan pè ọ́ ní Ìrètí, bí ohùn náà tiẹ̀ jọ tèmi, má dá a lóhùn. Èmi kọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Felicia.